Tí àjàkálẹ̀ àrùn bá tún dé, ta ló máa pàṣẹ: ìjọba àbí onílé?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà lọ́kàn mi tipẹ́, láti ìgbà tí onígbáméjì ti jà níbí ní oṣù kẹfà 2024, tí kọmíṣánnà fún ìlera jáde pé kunun aya (ohun mímu ọ̀fíọ̀) kan tí kò ní nọ́mbà NAFDAC wà lára ohun tí àwọn fura sí, tí gbogbo ẹni tó ń ta ohun mímu ládùúgbò wa wá di ẹni tí wọ́n ń wò bí ọ̀daràn. Mo wá ń ro ti Kòrónà mọ́ ọn. Ní 2020, láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ni wọ́n ti Èkó pa, wọ́n ní ọjọ́ 14 ni, wọ́n tún fi kún un, wọ́n tún fi kún un, ó di ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀. Abuja pàṣẹ, Alausa gbà á, kò sẹ́ni tó bi ará Ìdúmọ̀tà tàbí ará Mushin pé báwo lẹ ṣe máa jẹun.

Èrò tèmi rèé. Nǹkan tí èmi ò lè fojú ara mi rí, ìjọba ni kó bójú tó o: ta ló gbé àrùn wọlé láti pápákọ̀ òfuurufú, ta ló ti bá a jókòó, ibo ni bẹ́ẹ̀dì wà, òògùn wo ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi á ṣe ta ọjà ẹ̀, wákàtí tó máa ṣí, iye èèyàn tó máa dúró níwájú ìsọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó wà lọ́jà. Kí lẹ rò?

Nọ́ọ̀sì Ebute Metta
Mo gbọ́ ẹ, àbúrò, ṣùgbọ́n ibi tó o ti sọ pé kí kálukú pinnu tiẹ̀ yẹn ni mo ti fẹ́ dá ẹ dúró. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo 2020. O ò mọ irú irọ́ tí àwọn èèyàn ń pa fún wa. Ẹni tó ti ń wúkọ́ bọ̀ láti ilé, tí kò gbóòórùn nǹkan kan mọ́, á ní ibà lásán ni, torí ó ń bẹ̀rù pé tóun bá sọ òótọ́ wọ́n á gbé òun lọ sí hospitù àrùn tó ń ràn ní Yaba, àwọn ará ilé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìyàwó àtàwọn ọmọ òun. Mi ò bú wọn o, ìtìjú àrùn burú gan-an. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó jókòó tì í níta dókítà, tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ò pinnu nǹkan kan, ẹlòmíì ti bá a pinnu. Èémí tó o mí síta lèmi náà máa fà sínú, báwo ni ìpinnu yẹn ṣe wá jẹ́ tìẹ nìkan?

Alátà Oyingbo
Nọ́ọ̀sì ẹ kú iṣẹ́ mà, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjà fún yín nítorí àwọn tó ṣòfin yẹn, mi ò rò pé ìkankan nínú wọn ti ra ata fúnra ẹ̀ rí. Wọ́n ní kí ọjà oúnjẹ máa ṣí lónìí, kó tì lọ́la, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Ẹ wò ó, tòmátò tó ti òkè ọya wá, òru ló ń já ní Mile 12, ìdájí la fi ń lọ kó o, kó tó di aago mẹ́wàá oòrùn ti mú un, èyí tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ti ń ṣomi. Èyí tí mi ò bá tà lónìí, mi ò lè tà á lọ́la torí ọjà tì, tó bá fi máa di ọ̀tunla ó ti di ẹ̀gbin. Àwọn oníbàárà náà mọ̀ pé wákàtí mẹ́rin péré ni, gbogbo wọn á wá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ní ká má fún mọ́ra, òfin wọn gan-an ló ń fún wa mọ́ra. Ká ní wọ́n jẹ́ ká tà láti ìdájí dé alẹ́ ni, èrò ò bá fọ́n ká.

Àwa tá a wà ní ìlà kan náà ti jọ sọ ọ́ nígbà yẹn pé kí ìdajì wa máa wá láàárọ̀, kí ìdajì máa wá lọ́sàn-án, ká fi okùn sí iwájú ìsọ̀, ká gbé omi àti ọṣẹ síbẹ̀. A ò rí ẹni tá a máa sọ ọ́ fún. Àwọn tó ń wá, kòbókò ni wọ́n ń mú wá.

Awakọ̀ Ojuelegba
Màmá ẹ ò jayò pa rárá. Tiwa awakọ̀ ńkọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú, wọ́n ní ká má kó ju ìdá 60 nínú 100 lọ. Mo fara mọ́ ọn, àrùn ni, mo lọ́mọ nílé. Ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ tí mò ń dá owó fún lójoojúmọ́ kò dín kọ́bọ̀ kan, epo ò dín, àwọn tó ń gbowó ní gáréèjì kò dín, ibo ni mo ti máa rí owó èèyàn mẹ́fà tí mi ò kó? Orí àwọn tó wọlé ni mo gbé e lé, wọ́n ń ṣépè fún mi, mo gba èpè yẹn sára torí mi ò ní ọ̀nà míì. Ìjọba pinnu, èmi sanwó ẹ̀, èrò ọkọ̀ náà sanwó ẹ̀. Ẹni tó pàṣẹ nìkan ni kò sanwó kankan.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà Yaba
Ẹ̀yin àgbà ẹ má bínú, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí ló ń fi hàn pé ìjọba ò yẹ kó dá sí i tó bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì tiwa ti ní ká máa ṣiṣẹ́ látilé kí Ààrẹ tó bọ́ sórí tẹlifíṣàn rárá, ọ̀gá wa ló rò ó fúnra ẹ̀. Ibùdó ìyàsọ́tọ̀ tó wà ní pápá ìṣeré Onikan, tó gba bẹ́ẹ̀dì 110, báńkì ló gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ìjọba Èkó, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò, láàbù aládàáni ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é. Ẹ sì wo Sweden, wọn ò ti ìlú pa bíi tàwọn yòókù, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré ò tì, wọ́n sọ fún àwọn èèyàn pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé, ẹ ṣọ́ra yín, àwọn èèyàn sì ṣọ́ra fúnra wọn. Tí wọ́n bá bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí àgbà, á hùwà bí àgbà.

Awakọ̀ Ojuelegba
Àbúrò, iṣẹ́ tìẹ ṣe é gbé relé. Mi ò lè wa dánfó nínú pálọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ebute Metta
Ọmọ Kọ̀ǹpútà, jẹ́ ká sọ Sweden yẹn dáadáa, mi ò fẹ́ kó o fi ìdajì ẹ̀ sílẹ̀. Àkọ́kọ́, kì í ṣe pé ìjọba wọn ò ṣe nǹkan kan, wọ́n fòfin de àpéjọ tó bá ju èèyàn 50 lọ láti ìparí oṣù kẹta 2020. Èkejì, tí òṣìṣẹ́ bá ṣàìsàn níbẹ̀, owó ń wọlé fún un bó bá jókòó sílé, ní oṣù kẹta yẹn gan-an ni ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ọjọ́ àkọ́kọ́ àìsàn tí wọ́n máa ń yọ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi lè sọ fún èèyàn pé bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn ẹ́, dúró sílé. Sọ ọ́ fún alábàárù tó wà ní Oyingbo kó o wo ohun tó máa fi dá ẹ lóhùn. Ẹ̀kẹta, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, àwọn tó kú lọ́dọ̀ wọn ní 2020 pọ̀ ju ti Norway àti Finland tó múlé tì wọ́n lọ dáadáa, àwọn arúgbó inú ilé ìtọ́jú sì pọ̀ gan-an nínú wọn, ìgbìmọ̀ tí ìjọba wọn gbé kalẹ̀ fúnra wọn sì sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n lọ́ra jù níbẹ̀rẹ̀.

Mo gbà pẹ̀lú ẹ pé kí wọ́n máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ṣùgbọ́n àgbà tí ebi ń pa, ìpinnu wo ló wà lọ́wọ́ ẹ̀?

Bàbá Tíṣà Lafiaji
Ẹ kú àríyànjiyàn ẹ̀yin ọmọ mi. Mo rí i pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi pé 2020 ni ìjọba àti ará Èkó kọ́kọ́ ja irú ìjà yìí. Ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tó ti ara eku wá, èyí tí eégbọn ara eku máa ń gbé ran èèyàn, ó wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì jà fún ọdún mélòó kan. Ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé onílé, wọ́n ń yẹ yàrá wò, wọ́n ń wó ilé tí wọ́n bá ní eku pọ̀ síbẹ̀. Ní 1928 wọ́n wá dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LEDB (Lagos Executive Development Board), wọ́n wó apá Oko Awo, wọ́n sì gé ilẹ̀ Yaba àti apá Ebute Metta fún àwọn èèyàn láti kó lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Yaba lónìí, ara ìdí tí àwọn títì yín fi tọ́ rekete nìyẹn.

Mi ò ní sọ pé gbogbo ẹ̀ burú. Eku pọ̀ lóòótọ́, gọ́tà ò sí, yàrá kún fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n wó ilé bàbá ẹ̀, tí ibojì bàbá bàbá ẹ̀ wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yẹn, wọn ò bá a jókòó sọ̀rọ̀. Ó tún wá di 1955, ìgbìmọ̀ yìí kan náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ní kó lè mọ́, kó lè dára, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Surulere, ìyá tó ń tajà níwájú ilé ẹ̀ di ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ wá oníbàárà kiri, ẹbí tó ń jẹun nínú ìkòkò kan fọ́n ká. Nítorí náà tí ará Èkó bá gbọ́ tí ìjọba ní "nítorí ìlera yín ni", ojú ẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sára ilẹ̀ ẹ̀. Ìfura yẹn nídìí, ẹni tó bá fẹ́ pàṣẹ nígbà àrùn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun bá a níbẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Bàbá ẹ ṣé o. Ọ̀rọ̀ ilé wa lẹ sọ yẹn, ìyá ìyá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Surulere.

Lọ́yà Surulere
Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un torí mo rí i pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi pé agbára yẹn ò sí níbì kankan. Ó wà. Ìwé òfin 1999, ẹsẹ̀ 35 gba ìjọba láyè láti dá ẹni tó ní àrùn tó ń ràn dúró fún ìtọ́jú ẹ̀ àti fún ààbò àwọn ará ìlú, ẹsẹ̀ 45 náà gbà pé wọ́n lè fi òfin dín ẹ̀tọ́ ìrìn àti àpéjọ kù nítorí ìlera gbogbo èèyàn. Ohun tí Ààrẹ fi ti ìlú pa ni Quarantine Act, òfin ìyàsọ́tọ̀ ti 1926. 1926 o! Nígbà tí àrùn eku tí Bàbá ń sọ yẹn ṣì ń jà ni òyìnbó ṣe é, owó ìtanràn tó wà nínú ẹ̀ títí di 2020 ni ₦200. Òfin tó ti gbó báyẹn ò sọ nǹkan kan nípa oúnjẹ, kò sọ nípa owó oṣù, kò sọ pé kí ìjọba wá ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Agbára ló wà nínú ẹ̀, ojúṣe ò sí níbẹ̀.

Ẹ ò sì gbàgbé pé ní oṣù kẹrin 2020 yẹn náà, wọ́n gbé àbá òfin tuntun wọ ilé aṣòfin kékeré l'Abuja tó máa rọ́pò ti 1926, ó fẹ́ fún olórí NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, lágbára tó pọ̀, títí kan kí wọ́n sọ ilé tàbí ọgbà onílé di ibi ìyàsọ́tọ̀. Àwọn èèyàn pariwo, àbá yẹn ò sì di òfin. Ariwo yẹn dáa, èmi náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a pariwo tán, a wá fi ti 1926 sílẹ̀ bó ṣe wà, ìyẹn ló ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan sí i. Àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìjọba àpapọ̀ fúnra ẹ̀ ló gbé e jáde ní àárín oṣù kẹrin 2020 pé àwọn agbófinró ti pa èèyàn 18 jákèjádò orílẹ̀-èdè láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kónílé-ó-gbélé. Nígbà tí wọ́n kọ ìwé yẹn, iye èèyàn tí NCDC ní Kòrónà ti pa kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un kà.

Awakọ̀ Ojuelegba
Ẹ̀mí èèyàn 18. Nítorí ká má bàa kú. Ọlọ́run ò.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà Yaba
Lọ́yà, ẹ ti bá mi sọ ọ́. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n gbé gbogbo àṣẹ lé ìjọba lọ́wọ́ nìyẹn. Tí ọ̀gá ọ́fíìsì kan bá ṣe ìpinnu tí kò dáa, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìkan ló máa jìyà ẹ̀. Tí ìjọba bá ṣe é, gbogbo ìlú ni.

Nọ́ọ̀sì Ebute Metta
Mo ń fẹ́ kí gbogbo yín ka èyí dáadáa, torí kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere bíi ti Ebola, Èkó yìí kan náà ló sì ti ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ 20 oṣù keje 2014, ọkùnrin kan láti Liberia, Patrick Sawyer, bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú wa, ó dákú síbẹ̀. Àwọn dókítà ìjọba wà lórí ìyanṣẹ́lódì nígbà yẹn, nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e lọ sí hospitù aládàáni kan ní Obalende, First Consultants. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́. Dókítà Ameyo Adadevoh wò ó, ó ní ibà kọ́ nìyí, ó ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún Ebola, bẹ́ẹ̀ Ebola ò tíì wọ Nàìjíríà rí. Àwọn ará Liberia ń fòòró ẹ̀ pé kó tú u sílẹ̀, wọ́n ní ó ní ìpàdé ECOWAS tó fẹ́ lọ ní Calabar, wọ́n ní ó ń tẹ ẹ̀tọ́ ẹ̀ lójú. Obìnrin yìí kọ̀ jálẹ̀. Kò sí ìwé àṣẹ kankan láti Abuja lọ́wọ́ ẹ̀, hospitù tiẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n kọ́ fún irú àrùn bẹ́ẹ̀. Ó kọ̀ lórúkọ ara ẹ̀. Sawyer kú síbẹ̀ kó tó lè kúrò. Àwọn òṣìṣẹ́ hospitù yẹn kó o, Dókítà Adadevoh fúnra ẹ̀ kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Mi ò tíì rí ọjọ́ tí mo rántí obìnrin yìí tí omi ò bọ́ lójú mi.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà, mo mọ̀ pé o máa sọ pé ìpinnu aládàáni nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló gba Èkó là lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ta ló lọ wá gbogbo ẹni tó fara kan Sawyer àtàwọn tó tún fara kan àwọn yẹn? Ìjọba Èkó, ìjọba àpapọ̀, àwọn tó ti ń gbógun ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú WHO. Èèyàn 894 ni wọ́n tẹ̀ lé délé, wọ́n ń wọn ìgbóná ara wọn lójoojúmọ́. Kò sí báńkì tàbí ọ́fíìsì tó lè ṣe ìyẹn. Ọ̀kan péré nínú wọn sì wà, òṣìṣẹ́ ECOWAS kan tó yọ́ kúrò níbi tí wọ́n ní kó wà, ó wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Port Harcourt, dókítà kan tọ́jú ẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, dókítà yẹn kú. Ìpinnu ara ẹni nìyẹn náà! Ẹni tó pinnu yè é, ẹlòmíì ló kú. Èèyàn 20 ló kó Ebola ní Nàìjíríà, 8 kú, ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 2014 WHO ní a ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà yẹn gan-an ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń kú ní Liberia àti Sierra Leone.

Bàbá Tíṣà Lafiaji
Ẹ kú ọ̀rọ̀, ọmọ mi. Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún dókítà yẹn. Ohun tí mo tún rí níbẹ̀ ni pé ní 2014 yẹn wọn ò ti ọjà pa. Ẹni tó yẹ kí wọ́n wá ni wọ́n lọ wá.

Nọ́ọ̀sì Ebute Metta
Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá, ṣùgbọ́n Ebola kì í ràn kí ara ẹni náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, o lè rí i. Kòrónà ń ràn látara ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Èyí ló jẹ́ kó nira, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọgbọ́n kan náà ló máa ṣiṣẹ́ fún gbogbo àrùn.

Alátà Oyingbo
Mo ka ti dókítà yẹn, mo ń sunkún nínú ìsọ̀. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ̀ ń sá fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ mà. Àwọn 894 tẹ́ ẹ ní wọ́n tẹ̀ lé délé yẹn, ó ṣe é ṣe láti bọ́ wọn. Ní 2020 gbogbo wa ni wọ́n ní ká dúró. Gómìnà jáde ní oṣù kẹta pé ìdílé 200,000 ni àwọn máa kọ́kọ́ fún lóúnjẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ìdílé mélòó ló wà ní Èkó? Ní àdúgbò mi, àpò kékeré kan dé, bùrẹ́dì wà nínú ẹ̀, ìrẹsì díẹ̀, ẹ̀wà díẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo ojúlé jọ pín in, ìjà ló dá sílẹ̀. Ó wá di oṣù kẹwàá, àwọn ọmọ já wíà-áúsì ní Mazamaza, pálíétíìfù tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá dá owó ẹ̀ jọ fún àwọn aláìní la bá níbẹ̀ ní òkìtì-òkìtì. Oṣù kẹwàá! Ebi ti pa àwọn èèyàn láti oṣù kẹrin.

Tí ìjọba bá sọ fún mi pé ìyá, dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tó o máa jẹ rèé, owó ata tó máa bàjẹ́ rèé, mo búra, mi ò ní yọjú sí títì. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀mí mi. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá gbé nǹkan kan kalẹ̀, tí mo jáde, ẹ má pè mí ní olóríkunkun.

Awakọ̀ Ojuelegba
Ẹnu yín ni mo wà, màmá. Ní oṣù kẹrin yẹn gan-an, ní apá Agege àti Alimosho, àwọn èèyàn ò sùn lóru, wọ́n ń dáná táyà ní ojú títì torí àwọn ọmọ ìta tó ń kọ lẹ́tà pé àwọn ń bọ̀. Wọ́n ní ká jókòó sílé, àwa fúnra wa la tún ń ṣọ́ ilé náà. Ṣé ìjọba pinnu ìyẹn náà? Ará àdúgbò ló pinnu ẹ̀, tí wọ́n dá owó, tí wọ́n pín aago, ó sì ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ohun tí Awakọ̀ sọ yìí gan-an ni mo ń sọ láti òkè. Ìjọba ò mọ bí títì wa ṣe rí. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún wa: pé a ò fẹ́ kí èèyàn fún mọ́ra, ìdí ẹ̀ rèé, iye tó ti ń ṣàìsàn ní lókà gófúmẹ́ǹtì yín rèé. Kí wọ́n wá bi ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ awakọ̀, àwọn lándílọ́ọ̀dù, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, pé báwo lẹ ṣe máa ṣe é? Tí Oyingbo bá ní òun máa ṣí láti ìdájí dé alẹ́, tí Balogun bá ní òun máa pín ìlà, kí wọ́n jẹ́ kí kálukú ṣe tiẹ̀, kí àwọn elétò ìlera sì máa wá wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ibi tí mo ti gbà fún Nọ́ọ̀sì pátápátá ni ti ẹni tó ti ní àrùn àti ẹni tó fara kàn án. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kankan, kì í ṣe ohun tí mọ̀lẹ́bí á jókòó dìbò sí.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà Yaba
Abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́? Ní oṣù kejìlá 2021 wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ mú káàdì abẹ́rẹ́ wá tàbí èsì tẹ́ẹ̀sì kó tó wọ ọ́fíìsì. Mo gba tèmi, tinútinú ni mo fi gbà á, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ kí wọ́n fi oúnjẹ èèyàn halẹ̀ mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sì Ebute Metta
Níbẹ̀ mo sún mọ́ ẹ díẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn bíi tèmi, dandan ni kó gbà á. Àwọn yòókù, kí wọ́n rí i gbà nítòsí ilé wọn lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n rí ẹni tó máa dáhùn ìbéèrè wọn láì pariwo mọ́ wọn. Ní oṣù kejìlá yẹn kan náà la ba abẹ́rẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan jẹ́ l'Abuja torí ọjọ́ ti kọjá lórí ẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè tó fi tọrẹ fi í pamọ́ títí ọjọ́ fi kù díẹ̀ kí wọ́n tó fún wa. O ò lè fipá mú èèyàn sí nǹkan tí ìwọ fúnra ẹ ò tíì gbé dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Lọ́yà Surulere
Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, èrò ẹ dáa, ṣùgbọ́n kọ ọ́ sínú òfin, torí inúure kì í pẹ́ yí padà. Kó wà nínú ẹ̀ pé àṣẹ kónílé-ó-gbélé ò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ mélòó kan láìjẹ́ pé ilé aṣòfin Èkó tún un dìbò sí, pé oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí àṣẹ tó bẹ̀rẹ̀, pé ẹni tí wọ́n bá mú torí ó jáde lọ wá oúnjẹ ní ẹ̀tọ́ láti fi ìyẹn gbèjà ara ẹ̀ ní kóòtù. Kó sì kan gbogbo èèyàn. Ẹ rántí ìsìnkú olórí òṣìṣẹ́ Ààrẹ l'Abuja ní oṣù kẹrin 2020, gbogbo ayé rí èrò tó wà níbẹ̀, àwọn ńláńlá fún mọ́ra létí sàréè, nígbà tí àwa níbí ń fi ojú fídíò sin àwọn òbí wa. Látọjọ́ yẹn, àwọn oníbàárà mi ò gbà mí gbọ́ mọ́ tí mo bá ní kí wọ́n pa òfin mọ́.

Awakọ̀ Ojuelegba
Oúnjẹ kó ti wà nílẹ̀ kí àṣẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn sí iwájú, kí àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Alátà Oyingbo
Nọ́ọ̀sì, ẹgbẹ́ wa ń ṣèpàdé ní Tọ́sìdeè, ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀, ẹ wá kọ́ wa bá a ṣe máa mọ̀ tí nǹkan bá ń bọ̀, ká ti ní ètò tiwa nílẹ̀ ká tó gbọ́ ọ lórí rédíò.

Nọ́ọ̀sì Ebute Metta
Màmá, mo máa wá. Ṣùgbọ́n mo ń sọ ọ́ fún yín níwájú gbogbo èèyàn kẹ́ ẹ má bàa bínú sí mi nígbà tó bá yá: tí ọ̀kan nínú yín bá ní in, tó ní òun ò lọ sí ìyàsọ́tọ̀, èmi fúnra mi ni mo máa pe ìjọba sí i. Kódà kó jẹ́ ẹ̀yin.

Alátà Oyingbo
Ẹ pè wọ́n, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń pè wọ́n, ẹ bi wọ́n ta ló máa bá mi ta apẹ̀rẹ̀ tòmátò tí mo fi owó àjọ rà, ta ló sì máa fún àwọn ọmọ mi lóúnjẹ títí màá fi dé. Kí wọ́n dárúkọ ẹni náà fún yín kẹ́ ẹ tó fi ọkọ̀ wá gbé mi.

Nọ́ọ̀sì Ebute Metta
Màá bi wọ́n mà. Mi ò tíì mọ ẹni tí wọ́n máa dárúkọ.